Orúkọ Àwọn Ọmọ Ìlú Tó Jóná

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Kàsáńdírà sọ òótọ́ kí ìyá rẹ̀ tó ti ilé ìgbẹ̀bí dé, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni bàbá rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní òrùlé ń jò, ìwé bàjẹ́. Ó ní ewúrẹ́ ti wọ yàrá ìdáná, iṣu tán. Ó ní Ẹ́kítọ̀, àbúrò òun, ti mu kẹrosíìnì inú ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Ará ilé kejì ló gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn tí kò fi kú.

Ní òwúrọ̀ tí wọn yóò sọ ọmọ kẹta lórúkọ, lọ́dún 1971, àlejò ti kún pálọ̀ wọn ní Iléṣà. Omi, oyin àti iyọ̀ ti wà lórí tábìlì. Sikirat, ìyá ọmọ, kò tíì gbé e jáde láti yàrá.

Ọkọ rẹ̀, Ògúnṣẹ̀yẹ, olùkọ́ èdè Látíìnì, wọlé. “Sikirat, wọ́n ń dúró dè wá. Páríìsì ni a ó pè é.”

“Ta ni Páríìsì?”

“Ọmọ ìyá Ẹ́kítọ̀ àti Kàsáńdírà ni nínú ìtàn àwọn Gíríìkì. Mo fẹ́ kí orúkọ wọn bára mu.”

Ìyá Ògúnṣẹ̀yẹ, tó ti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà wá, gbójú sókè lórí àpótí tó jókòó sí. “Kí ló gbẹ̀yìn ẹbí náà?”

“Wọ́n sun ìlú wọn níná, Màámi.”

“Ta ló fà á?”

Ó wúkọ́. “Páríìsì. Ó gbé ìyàwó ọba ìlú mìíràn sá lọ.”

Màmá pàtẹ́wọ́. “Ẹ wá gbọ́! Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, o ti fún un ní obìnrin olóbìnrin! Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ilé tó jóná ni ìwọ wò.”

“Ìtàn lásán ni. Orúkọ kì í pa ènìyàn.”

“Ó kù díẹ̀ kó pa Ẹ́kítọ̀,” ni Sikirat wí. “Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé Kàsáńdírà inú ìtàn yẹn, bó ti wù kó sọ òótọ́ tó, ẹnikẹ́ni kì í gbà á gbọ́. Ẹ fi ṣe ẹ̀fẹ̀ títí ó fi mọ́ yín lára. Nígbà tí ọmọ sáré wá bá yín nítorí kẹrosíìnì, kí lẹ sọ?”

Ó yíjú sí ọ̀nà pálọ̀.

“Mo ní kí lẹ sọ?”

“Mo ní… ‘Kàsáńdírà tún ti dé.’”

Alákọ̀wé tó mọ orúkọ gbogbo ọmọ ọba tó kú lókè òkun kò mọ ohùn ọmọ tirẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù ń bà á.

Ọmọdébìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ Ẹ́kítọ̀ mú. Láti ọjọ́ kẹrosíìnì, kò sọ ohunkóhun fún bàbá rẹ̀ mọ́.

Sikirat di ọmọ tuntun mọ́ àyà. “Ìyá mi, tó ń gbé Òkè Baálẹ̀, fún ọmọbìnrin yìí ní oríkì Àpìkẹ́ lọ́jọ́ tí a bí i, ẹ kò fi pè é rí. Ọmọ ọwọ́ mi kò ní kúrò ní yàrá yìí títí ẹ ó fi tún ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe. Bàbá Àpìkẹ́, ẹ mú ọmọ yín lọ́wọ́ lọ sí pálọ̀. Ẹ pè é ní Àpìkẹ́. Ẹ bi í ní ohun tó rí lọ́jọ́ kẹrosíìnì, kí ẹ sì sọ lójú gbogbo wọn pé òótọ́ ló sọ.”