Gíìgì Mẹ́jọ Nítorí Ìtìjú

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe áàpù fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmọ kan síṣẹ́ ni, wọ́n ní àwọn máa kọ́kọ́ dán an wò ná. Àbúrò ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é, torí òun ló kéré jù nínú wọn. Bọ̀ọ̀dá Onígíláàsì, ọ̀gá rẹ̀, bi í pé láàptọ́ọ̀pù tí mẹ́mórì rẹ̀ tó gíìgì mélòó ni kí wọ́n rà fún un.

"Rò ó dáadáa o. Wọ́n ti jó mẹ́mórì yẹn mọ́ inú ẹ̀, kò ṣeé fi kún tó bá yá. Ọdún mẹ́ta lo sì máa fi lò ó."

Àbúrò mọ ohun tó nílò bí ẹní mowó. Ètò tó fi ń kọ áàpù, fóònù àfarawé tó ń ṣí lójú kọ̀ǹpútà láti fi dán iṣẹ́ wò, ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì rẹpẹtẹ: gíìgì mẹ́rìndínlógún ló kéré jù. Ṣùgbọ́n ìyá tó tọ́ ọ kọ́ ọ pé díẹ̀ ni èèyàn ń bèèrè nílé onílé. Ló bá dáhùn pé, "Mẹ́jọ náà ti tó, sà." Ẹ wá wo nǹkan! Ẹ̀kọ́ ilé ti wọ inú kọ̀ǹpútà.

Kí tuntun tó dé, wọ́n yá a ní ọ̀kan tó jẹ́ gíìgì mẹ́jọ. Ojú rẹ̀ rí màbo. Tó bá ṣí fóònù àfarawé, ètò tó fi ń kọ áàpù á dákẹ́ lọ gbári, fáànù inú ẹ̀rọ á sì máa pariwo. Iṣẹ́ ń falẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣì ń dán an wò ni. Bí ọwọ́ rẹ̀ ò bá yá, wọn ò ní mú un síṣẹ́ pátápátá. Ẹ̀rù wá ń bà á pé òun ti fi ẹnu ara òun ba iṣẹ́ òun jẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá dúró sẹ́yìn rẹ̀ pé kó fi áàpù han òun. Ojú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Wọ́n retí títí, kò mira. Ọ̀gá wá bi í pé,

"Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí?"

Àbúrò kọ́kọ́ fẹ́ parọ́, ṣùgbọ́n ó jọ̀wọ́ rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ má bínú. Ìtìjú ló jẹ́ kí n pe mẹ́jọ. Kò tó mi rárá. Ṣé wọ́n ti rà á ni?"

Ọ̀gá bọ́ gíláàsì, ó bú sẹ́rìn-ín. "N ò tíì ní kí wọ́n rà á. Bí o ṣe pe mẹ́jọ, èmi ti ń rò pé bóyá o ò mọ iṣẹ́ yìí tó bí o ṣe sọ ni. Àṣé ìtìjú ni! Ta ló ní kí o máa ṣe bí àlejò nídìí iṣẹ́ ẹ? Ó yá, mélòó?"

"Mẹ́rìndínlógún, sà."

"Ìyẹn ló kéré jù. Mélòó lo fẹ́?"

"Méjìlélọ́gbọ̀n. Fóònù àfarawé méjì ni mo máa ń ṣí pọ̀."

"Ìyẹn ni èmi náà ń lò."

Ara tu Àbúrò pẹ̀sẹ̀.

Nígbà tí tuntun dé, ó ṣí gbogbo nǹkan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó tó mí kanlẹ̀, áàpù rẹ̀ ti yọ lórí fóònù méjèèjì. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá gbójú sókè níbi tó jókòó sí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Máa báṣẹ́ lọ," ó ní, "a ti mú ẹ."