Ọwọ́ Líle Lórí Okùn Gìtá

Ìka-Irin kò kí ẹnikẹ́ni nígbà tó wọlé. Ó gbé gìtá oníná rẹ̀ ka orí tábìlì àbúrò rẹ̀ tó ń tún gìtá ṣe, bí ẹni gbé òkú ajá síwájú ẹni tó pa á, ó ní kí atúngìtáṣe wá wo ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà jẹ́.

Àbúrò rẹ̀ fi aṣọ nu ọwọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bùrọ̀dá mi, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ rí oorun sùn, àbí ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́?"

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ti lé àbúrò kúrò nínú ẹgbẹ́ olórin wọn, tó sọ lójú gbogbo ènìyàn pé etí rẹ̀ dí bí ìkòkò tí wọ́n dé lórí, ni ọ̀rọ̀ wọn ti dà báyìí. Àbúrò kò sì jẹ́ pe ẹ̀gbọ́n ní "ìwọ" láéláé. Èébú tó bá fẹ́ bù ú, á kọ́kọ́ fi ọ̀wọ̀ wé e, bí ẹni fi aṣọ funfun wé ẹ̀gún.

Ṣùgbọ́n ti òní kì í ṣe eré. Màdámú Sítúdíò fẹ́ gba orin Ìka-Irin sílẹ̀ lọ́sàn-án yìí. Ìka-Irin ní bí gìtá náà bá fi lè ké bí ewúrẹ́ níbẹ̀, òun á sọ fún màdámú ẹni tó fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn. Màdámú yìí ló ń fi gbogbo gìtá tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù náà ránṣẹ́. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá tì, kí atúngìtáṣe yáa kó adìyẹ wọ inú ṣọ́ọ̀bù.

Ó so gìtá mọ́ ẹ̀rọ tó fi ń wọn ohùn. Ó fi ìka kan okùn lórí ìlà irin kejìlá tó wà lọ́rùn gìtá láìtẹ̀ ẹ́, okùn dún bí agogo kékeré. Ó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Ó yẹ kí ohùn méjèèjì dọ́gba, wọ́n sì dọ́gba. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, abẹ́rẹ́ inú ẹ̀rọ dúró láàárín gbọnrangandan bí sójà.

Ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ìka-Irin já gìtá gbà, ó ní etí dí, ojú náà tún fọ́. Ó tẹ okùn. Abẹ́rẹ́ fò kọjá àárín. Gbogbo okùn ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Atúngìtáṣe kò wo ẹ̀rọ mọ́, ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò. Èékánná wọn ti funfun. Ọkùnrin yìí ń fún okùn lọ́rùn bí ọ̀tá. Okùn tí a bá sì fún tó bẹ́ẹ̀ á nà, ohùn rẹ̀ á gòkè.

"Ọwọ́ yín ni, Bùrọ̀dá. Ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀."

"Ìwọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn ni o fẹ́ kọ́ mi ní gìtá?"

Aránṣọ kì í sọ fún abuké pé kó nàró. Iké ló ń wọ̀n kó tó gé aṣọ. Atúngìtáṣe mú sukuduráfà kékeré. Ní ìdí gìtá, níbi tí wọ́n ń pè ní bíríìjì, okùn kọ̀ọ̀kan ló ní irin pẹ́ńpẹ́ tó sinmi lé. Ó lọ́ wọn, ó fa irin kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn díẹ̀, kí okùn lè gùn sí i, kí ohùn lè wálẹ̀. Bó bá ti fa ọ̀kan, á tún ohùn okùn náà ṣe, á ní kí ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ burúkú rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí abẹ́rẹ́ dúró láàárín lórí gbogbo wọn, Ìka-Irin pòṣé, ó ní ẹ wò ó, ó mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, ìkà ló fẹ́ ṣe. Dípò ọpẹ́, ó ní kó tẹ̀ lé òun, kó lè wà níbẹ̀ bí ẹ̀tẹ́ bá dé.

Ní sítúdíò, fóòmù ni wọ́n fi bo ògiri. Màdámú jókòó sẹ́yìn dígí. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó ní látìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun kò tíì rí onígìtá bíi ti Ìka-Irin.

Ìka-Irin rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu, ó gba èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìka. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Àwọn ohùn òkè rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ bí ṣòkòtò tútù lórí okùn ìsáṣọ.

Màdámú dá a dúró, ó ní kí ló dé tí ohùn ń wálẹ̀. Ìka-Irin nawọ́ sí àbúrò rẹ̀ ní igun yàrá: "Ẹ bi olórí burúkú yẹn."

 Atúngìtáṣe wo ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀: èékánná pọ́n roro, ọwọ́ ti dẹ̀. Ọwọ́ ìbínú ló tún gìtá ṣe fún, ọwọ́ ayọ̀ ló dé síbi iṣẹ́. Wọn ò sì ní jẹ́ kó fọwọ́ kan gìtá yẹn mọ́.

Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ máà bínú. Ẹ̀bi mi ni. Mi ò rántí pé ẹ ti ń dàgbà, pé ó ti ń rẹ àwọn ìka yẹn."

Èékánná funfun báláú. Màdámú ní kí wọ́n tún un lù. Ohùn gìtá dúró ṣánṣán.

Ṣáájú orin kejì, màdámú fẹ́ yìn ín, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo atúngìtáṣe, ó gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó fi àgbọ̀n júwe sí atúngìtáṣe: ó yá, kó bú u. Bí wọ́n ṣe lo ọ̀sán náà nìyẹn. Orin á parí, àbúrò á dọ̀bálẹ̀, á bú ẹ̀gbọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, orin mìíràn á bẹ̀rẹ̀. Ó bú irun, ó bú bàtà, ó bú ìrìn ẹsẹ̀. Nígbà tó ku orin kan, àpò èébú gbẹ. Ó wá dìde lórí ìdọ̀bálẹ̀.

"Etí mi ò dí, Bùrọ̀dá. Ẹ mọ̀. Torí pé mò ń gbọ́ àṣìṣe yín lẹ ṣe lé mi."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ìka-Irin tẹ okùn bí ẹni fẹ́ kó ya. Orin yẹn ló dùn jù.

Màdámú sọ fún atúngìtáṣe pé gìtá mẹ́ta wà nílẹ̀ tí òun á fi ránṣẹ́ sí i, pé orin sì tún kù lọ́la. Lẹ́nu ọ̀nà, atúngìtáṣe yọ sukuduráfà, ó fẹ́ dá bíríìjì padà sáyè rẹ̀. Ìka-Irin fa gìtá sẹ́yìn.

"Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà."

"Lọ́la ńkọ́?"

"Tètè dé."

Ó ti ń lọ kó tó yíjú padà.

"Kó o wá èébú tuntun. Ti ìkẹyìn yẹn, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́."