Ilà Mẹ́ta Lára Ẹ̀rọ Ìránṣọ

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá akólẹ́tà kan tó ti fẹ̀yìntì fẹ́ bi wọ́n nígbà tó wọ gúrúùpù àwọn olólùfẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ lórí fóònù: irú epo wo ló yẹ ẹ̀rọ tí olóògbé ìyàwó òun fi ṣiṣẹ́ jẹun? Ọdún kan ti kọjá. Àríyànjiyàn lórí epo ò tíì parí.

Èyí tó tilẹ̀ pani lẹ́rìn-ín ni pé òun náà ti di ògbóǹtarìgì. Kó tó bọ́jú láàárọ̀, ó ti ka igba ọ̀rọ̀ lórí bóyá ọ̀dà dúdú ara ẹ̀rọ kan dúdú ju ti èkejì lọ. Nígbà tí obìnrin kan wọlé, tó ní òun fi tòun rán kọ́tìnnì, òun ló kọ́kọ́ pariwo mọ́ ọn: "Ẹ̀rọ tó níyì báyìí, ẹ fi ń ránṣọ!"

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin wá kí i, ó mú aṣọ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ dání. Ọmọ ti ga, wọ́n ní láti tú ìṣẹ́tí aṣọ náà, kí wọ́n tún un rán.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ Màámi rán an. Ọ̀la ni mò ń padà lọ."

"A kì í fọwọ́ kàn án."

"Ta ni kì í fọwọ́ kàn án? Ìdí ẹ̀rọ yìí kọ́ la dàgbà sí?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Nínú gbogbo ohun tí ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀, èyí nìkan ni ọwọ́ obìnrin náà ṣì hàn lára rẹ̀. Bó bá bàjẹ́ ńkọ́? Ló bá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ó ní kí gúrúùpù gba òun nímọ̀ràn.

Kò pẹ́ tí gúrúùpù fi gbóná. Ẹnìkan rí ilà mẹ́ta tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́. Alákòóso wọn, oníṣègùn eyín kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Abẹ́rẹ́, tó ti jẹ́wọ́ rí pé òun ò mọ òwú ti bọ abẹ́rẹ́, kéde pé àmì ilé iṣẹ́ ni, irú rẹ̀ ò ju ogójì lọ láyé. "Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ẹ má tiẹ̀ mí sí i!"

Bàbá wo ilà náà, àárò sọ ọ́. Ọmọ mẹ́ta ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí. Ìṣó ni ìyá wọn fi fa ilà kọ̀ọ̀kan, láti fi mọ bí ìṣẹ́tí aṣọ ilé-ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan á ṣe fẹ̀ tó. Ti àkọ́bí ló jìnnà sí abẹ́rẹ́ jù, torí kò yéé ga, aṣọ tí wọ́n á máa tú sílẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀. Ó rántí òórùn aṣọ tuntun, àti bí àwọn ọmọ ṣe ń jà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọ tirẹ̀.

Ó kọ ọ́ ránṣẹ́: "Ìyàwó mi ló fi ìṣó fà á."

Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ dáhùn: "Ṣé ẹ ní ẹ̀rí?"

Ẹ gbọ́ nǹkan! Ẹni tó bá obìnrin gbé fún ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n ń bi ní ẹ̀rí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló fa omi náà. Ó wá obìnrin oníkọ́tìnnì kàn, ó tọrọ àforíjì, ó sì bi í ní irú epo tó lò.

"Èyí tí wọ́n ń tà fún ẹ̀rọ ìránṣọ ni, sà."

Òun àti ọmọ rẹ̀ rà á, wọ́n kán an sí ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà gbà, ó yí.

Bàbá wà nílé ìdáná nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kó tó mọ̀, ó ti bu omi sínú ife, ó ti gbé e dé yàrá, bó ti máa ń ṣe lọ́sàn-án tó bá ti ibi iṣẹ́ dé.

"Màmá wọn, sinmi díẹ̀, kó o mumi."

Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó rí ẹni tó jókòó níbẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà, ó mu ún tán, ó sì ń ránṣọ rẹ̀ lọ.