Ohun Tí Jíìpù Alájì Mọ́ṣúdù Ń Mu

Ẹ́ńjìnnì náà so rọ̀ lórí ṣéènì lábẹ́ igi fúrúùtù, ó ń mì jẹ́jẹ́ bí ọmọ tí oorun gbé lọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìrì kò tíì kúrò lára koríko. Mo jókòó sórí táyà kan, mò ń wò ó, ó sì dà bíi pé òun náà ń wò mí, ó ń béèrè inú ilé tí mo fẹ́ kí òun lọ máa gbé.

Inú jíìpù bàbá mi ni. Alájì Mọ́ṣúdù, olóbì ará Ṣàgámù, tó ti di olóògbé láti ọdún mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tó fi ń ná Àkàká nígbà ayé rẹ̀ kò lò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn rẹ̀ tó fi nọ́ọ̀kì. Láti ìgbà náà ni jíìpù ti wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ṣàgámù, tí koríko ń gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé, tí aláǹgbá ń yé ẹyin sórí àga.

Síkírù ẹ̀gbọ́n mi ní ká tà á fún àwọn tó ń fi kílò ra irin.

"Kareemat, irin ni. Kì í ṣe ènìyàn."

"Bọ̀dá mi, ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá."

Kò lọ. Ta ló fẹ́ kú?

Ìyá wa, Hàmdálátù, ń gbé ilé oko tí Alájì kọ́ sí Àkàká, láàárín igi obì àti ọ̀pẹ. Ara rẹ̀ le koko, ẹnu rẹ̀ sì le ju ara lọ. Ojú rẹ̀ nìkan ni kò ríran mọ́. Awọ funfun ti bo ẹyinjú méjèèjì. Ó ní gbogbo wa ti di òjìji nínú kùrukùru. Iṣẹ́ abẹ kékeré ló máa là á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọsibítù ní Ṣàgámù ti dá ọjọ́ fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀ tí kò wá. Ọ̀kadà ti gbé e ṣubú sínú kòtò rí. Takisí tí Bọ̀dá Síkírù háyà fún un rì sínú ẹrẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ibẹ̀ ni Ìyá sì ti búra.

"Jíìpù bàbá yín ló gbé mi wọ Àkàká ní ìyàwó. Òun ni yóò gbé mi jáde. Bí kò bá ṣe òun, ẹ fi èmi àti òkùnkùn mi sílẹ̀, a ti mọwọ́ ara wa."

Wọ́n wá dá ọjọ́ kẹta: Ọjọ́rú, kó wọlé sí wọ́ọ̀dù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Dókítà là á mọ́lẹ̀ fún mi pé bí a bá tún jẹ́ kí èyí kọjá, ojú náà lè má ṣeé là mọ́. Ìdí tí mo fi ń wo ẹ́ńjìnnì lójúkojú láàárọ̀ kùtùkùtù nìyẹn.

Gbogbo ènìyàn ló bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ́ńjìnnì dísù, epo tí àwọn tírélà ń mu. Bí ẹ bá ti ra bẹntiróòlù láìpẹ́ yìí, ẹ ò ní béèrè. Jíìpù yẹn ń mu ún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀. Ọ̀nà tó lọ sílé Ìyá sì rèé, ẹrẹ̀ ni, òkè ni, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń sáré. Dísù kì í sáré. Ó ń fà. Ẹ tún ní ta ló kọ́ èmi obìnrin níṣẹ́? Fóònù mi kọ́ mi, ọwọ́ mi kọ́ mi, gbogbo ohun tí mo ti bàjẹ́ náà kọ́ mi, wọn ò sì ní kí n pa adìyẹ ṣe fíríìdọ̀mù.

Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Bọ́ọ̀sì kò ní irin tó la abẹ́ iwájú kọjá láti táyà dé táyà; jíìpù tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà ló ní in. Nígbà tí mo sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, abọ́ ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ lé irin yẹn lórí gbọn-in, kò wọlé, kò jáde. Mo tú abọ́ náà, mo gbé e lọ sí Ìpẹ̀rú lọ́dọ̀ Akínbọ́lá ajórin, tó máa ń súfèé orin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì bó bá ń ṣiṣẹ́. Ó wò ó, ó wò mí.

"Kareemat, ẹsẹ̀ erin lo fẹ́ kì bọ bàtà ewúrẹ́ yìí o."

"Ẹ gé e. Ibi tó jìn níwájú, ẹ gbé e sẹ́yìn."

"Tó bá jò ńkọ́?"

"Tó bá jò, ẹ ò ní lè súfèé mọ́, torí ẹnu yín ni màá fi dí i."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò jò. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì hú lẹ́ẹ̀kan, ó hú lẹ́ẹ̀kejì, ó wá gbà, ó ń sọ gbà-gbà-gbà bí ẹni tó ń dáhùn ọ̀pọ̀ ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Aláǹgbá méjì bẹ́ jáde lábẹ́ àga. Mo dijú, ó wá dà bíi pé ilé, igi fúrúùtù àti gbogbo Ṣàgámù ló ń gbọ̀n pẹ̀lú mi.

Àárọ̀ Ìṣẹ́gun, kùrukùru bo ọ̀nà. Mo rọra ń wakọ̀ nínú rẹ̀; igi obì ń yọ, ó ń rá, ó tún ń yọ, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún panu mọ́. Mo ní bóyá báyìí ni Ìyá ṣe ń rí wa. A dé ibi òkè, táyà kan ò yọ̀. Ó ń fà.

Ìyá ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí n tó dúró.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá. Kareemat. Jíìpù Alájì ni mo gbé wá."

"Irọ́ ńlá. Ẹ̀rọ gàrí lo gbé wá."

"Ẹ wá fọwọ́ kàn án."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìlẹ̀kùn lára láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó rí ibi tó tẹ̀ wọnú níjọ́ tí Alájì fi í gbá igi obì, ó fi ìka tọ etí dígí. Ojú rẹ̀ rọ̀.

"Ara rẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ wá ńkọ́?"

"Mo pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, Ìyá. Dísù ni."

Ẹyẹ kan ń ké lókè ọ̀pẹ, ó ké títí ó fi sú òun náà.

"Bí wọ́n bá pààrọ̀ ọkàn bàbá yín, ṣé ọkọ mi náà ni?"

"Bó bá ṣì ń gbé yín lọ síbi tí ẹ̀ ń lọ, òun náà ni."

"Ẹnu ẹ á pa ẹ́ lọ́jọ́ kan. Wọlé lọ jẹun. Mo ń rò ó."

Ìkọ́kọrẹ́ ló sè. Mo jẹ ẹ́, mo fẹ̀yìn ti ògiri, oorun ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò sùn bá gbé mi. Mo rí jíìpù lójú àlá, ó ń jẹ koríko nínú oko obì, ó ń ju ìrù. Bàbá mi ń fọwọ́ pa á lọ́rùn. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Kareemat, kí lò ń fún un jẹ?" Kí n tó dáhùn, òórùn kan gba imú mi wọlé. Mo mọ òórùn náà. Mo ta jí.

Bẹntiróòlù.

Mo bẹ́ síta. Ìyá dúró ti ẹ̀yìn jíìpù, àrọ wà lẹ́nu táǹkì, ó ń ro ẹ̀kán tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá sínú rẹ̀, ó farabalẹ̀ bí ẹni tó ń fún ọmọ lómi.

Kí ẹ tó bínú sí i, ẹ gbọ́. Nígbà ayé Alájì, ilé epo jìnnà sí wọn. Ìyàwó olóbì tó bá mọ iyì ọkọ rẹ̀ máa ń tọ́jú kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kan pamọ́. Bí ọkọ bá ń jẹun nínú ilé, ìyàwó á lọ bọ́ mọ́tò níta. Ọgbọ̀n ọdún ni Ìyá fi ṣe é. Ojú tí kò ríran kò ní kí ọwọ́ gbàgbé ẹnu táǹkì.

"Ìyá! Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á!"

"Pa kí ni? Pípa mọ́ ni mo pa á mọ́ láti ìgbà tí bàbá yín ti lọ, ìwọ wá ń sọ pé mo pa á?"

"Dísù ló ń mu! Bẹntiróòlù yìí á jẹ pọ́ǹpù rẹ̀ ráúráú! Ká ní mo ti yí kọ́kọ́rọ́ ni, òkú irin là bá máa wò níbí!"

Mo pariwo mọ́ ọn. Ìyá mi ni, mo sì pariwo mọ́ ọn. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀.

"Ṣé o rí i pé kì í ṣe mọ́tò ọkọ mi? Mọ́tò ọkọ mi mọ ohun tí mo fi ń bọ́ ọ."

Ó jókòó sórí àpótí. Mo mọ ìjókòó yẹn. Ìjókòó ẹni tí kò lọ síbì kankan mọ́ ni.

Mo wọ abẹ́ jíìpù, mo tú nọ́ọ̀tì ìdí táǹkì, mo da gbogbo rẹ̀ sínú agbada, dísù rere àti bẹntiróòlù tí wọ́n ti di ọbẹ̀ kan náà. Fóònù dún. Bọ̀dá Síkírù ni.

"Ibo lẹ dé? Nọ́ọ̀sì ní bí Ìyá ò bá tíì dé ní aago mẹ́fà, àwọn á fi bẹ́ẹ̀dì wọn fún ẹlòmíràn."

"Ẹ sọ fún un pé a ti ń bọ̀."

"Ṣé ẹ ti ń bọ̀?"

"Bọ̀dá mi, ẹ ṣáà sọ fún un."

Mo sáré lọ sọ́dọ̀ Raqeebah tó ni ẹ̀rọ gàrí. Lítà kan àti ààbọ̀ dísù ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ò lè gbé wa dé Ṣàgámù, ilé epo sì ṣì jìnnà títí dòní. Oòrùn ti kọjá àárín orí. Mo padà sábẹ́ jíìpù, mi ò ní nǹkan kan tí mò ń ṣe níbẹ̀ mọ́, mo kàn dùbúlẹ̀ ni, torí bí mo bá jáde, màá rí ojú Ìyá.

Ohùn rẹ̀ bá mi níbẹ̀.

"Dísù yẹn nìkan ló ń mu ni? Bí ọba?"

"Wọ́n ní ó lè mu òróró. Tó bá gbóná, tó bá mọ́, tí kò bá lómi rárá. Orí fóònù ni mo ti rí i, mi ò ṣe é rí."

"Òróró bíi ti kí ni?"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń rí láti abẹ́ mọ́tò. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Kareemat. Ṣé ó lè jẹ epo pupa?"

"Ó… ó lè jẹ ẹ́."

"O ò wá tètè sọ! Dìde ńlẹ̀!"

Láti ìgbà yẹn, èmi kọ́ ni ọ̀gá mọ́. Ó ní kí n wọ́ kẹ́ẹ̀gì epo ńlá jáde nínú yàrá. Ó ní kí n dáná. Mo dá a sí ẹ̀yìn ilé pátápátá, ibi tó jìnnà sí agbada bẹntiróòlù, mi ò ya wèrè. Epo wọnú ìkòkò, Ìyá jókòó tì í, ó yí etí sí i. Epo ń ta pàrà-pàrà.

"Gbọ́. Ó ń sunkún. Omi wà nínú rẹ̀."

"Ó ti gbóná, Ìyá."

"Mo ní ó ń sunkún. Ojú mi ló fọ́, etí mi ò di."

Mo dúró. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Èéfín ń gun òkè láàárín ọ̀pẹ bí ẹni tí kò kánjú. Pàrà-pàrà náà dínkù, ó di ẹyọ kan, ó di ẹyọ kan lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ gígùn, lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan mọ́ àfi epo tó ń tàn nínú ìkòkò bí oòrùn kejì.

"Ó ti gbé omijé rẹ̀ jẹ," ni Ìyá wí. "Sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta la fi gèlè rẹ̀ sẹ́ ẹ. Mo fi dísù Raqeebah là á, mo dà á sínú táǹkì nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì yí kọ́kọ́rọ́. Ó hú. Ó wúkọ́. Èéfín funfun bo àgbàlá tí mi ò fi rí Ìyá mọ́, ohùn rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́ nínú rẹ̀:

"Gbé e mì, ọmọ mi. Gbé e mì."

Ó gbé e mì. Gbà-gbà-gbà. Òórùn àkàrà gba gbogbo àdúgbò, àwọn ènìyàn ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ẹni tó ń dín in.

Ìyá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó bá jẹ epo mi nínú ilé mi, àlejò kọ́ nìyẹn. Ṣílẹ̀kùn fún mi."

Ó dà bíi pé a kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Igi ń lọ sẹ́yìn, ilé ń lọ sẹ́yìn, òórùn ilé ìdáná ń tẹ̀ lé wa bọ̀. Ìyá dijú, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ìlẹ̀kùn, ètè rẹ̀ ń bá ẹ́ńjìnnì sọ gbà-gbà-gbà. Ní Ìpẹ̀rú, ọkùnrin kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ Máruwá sún mọ́ wa.

"Màmá, ẹ bá mi dì í ti ẹgbẹ̀rún kan, kí ata pọ̀!"

Ìyá yọrí. "Kò tíì jinná!"

Aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú la wọ ọsibítù. Bọ̀dá Síkírù ti ń rìn síwásẹ́yìn.

"Pa mọ́tò, ká máa wọlé."

"Bí mo bá pa á báyìí, epo á dì sí i lọ́nà ọ̀fun. Ẹ mú Ìyá wọlé, kí ẹ sì bá mi wá dísù."

Ó fa imú, ó wò mí, ó tún fa imú. Ó di Ìyá lọ́wọ́ mú, wọ́n sì wọlé.

Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ là. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi dì í ní Ọjọ́bọ̀, Bọ̀dá Síkírù ni Ìyá kọ́kọ́ rí.

"Síkírù, ìwọ náà ti hewú!"

A mú un jáde sí àgbàlá. Jíìpù dúró sínú oòrùn gan-gan, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ létí, ẹ̀gbẹ́ iwájú rẹ̀ kan jẹ́ búlúù nítorí ara mọ́tò ẹlòmíràn ni mo ti tú u. Ìyá rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan.

"Kareemat."

"Ìyá."

"Ṣé nǹkan yìí ni mo wọ̀ wá?"

"Òun náà ni."

"Ká ní mo rí i ni, mi ò bá tí wọ̀ ọ́ láéláé."

Ó ṣí ìlẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó gòkè, ó kó ìró rẹ̀ jọ, ó sì gbé ojú kan tó ń ríran lé ọ̀nà.

"Ó yá, kí lò ń dúró dè? Mo fẹ́ rí Ìpẹ̀rú."