Ọjọ́ tí Mùínátù Gún Màdáámù Halina

Màdáámù Halina, ìyá ará Pólàǹdì tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ní Màídúgùrì, ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní eré idà, idà tí ẹnu rẹ̀ kò mú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gún un lẹ́ẹ̀marùn-ún kí òun náà tó gún un lẹ́ẹ̀marùn-ún ló máa lọ díje ní Jọ́ọ̀sì. Mùínátù gún un lẹ́ẹ̀kan, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà." Kó tó dìde, Màdáámù ti gún òun náà. Bẹ́ẹ̀ ni Màdáámù ṣe ń gún un títí tó fi ní mẹ́rin, tí Mùínátù sì ní ẹyọ kan.

"Haba, Mùínátù!" Láńrewájú, akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, pariwo. "Ìyá yìí ti fẹ́ fi ẹ́ ṣe súyà!"

Màdáámù ṣí ìbòjú onírin rẹ̀. "Èmi ni obìnrin àkọ́kọ́ tó mú idà nílùú wa. Wọ́n ní ẹ̀wù àwọn ọkùnrin ni kí n máa bá wọn mú. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Kí lo ń bẹ̀ mí fún?"

"Ẹ ju ìyá mi lọ, mà. Wọn ò kọ́ mi láti na irin sí àgbà."

"Tóò, bẹ̀ mí tán lẹ́ẹ̀kan náà."

Mùínátù kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú mà, sí èyí tí mo ti gún àti èyí tí mo máa gún."

Ẹ̀rín sọ. Ó dìde. Ó gún un léjìká, ó gún un lápá, ó gún un láyà. Mẹ́rin sí mẹ́rin! Láńrewájú ti gun orí àga. Màdáámù fò mọ́ ọn, Mùínátù yẹ̀, ó na apá tán, idà rẹ̀ sì tẹ̀ bí ọrun níkùn ìyá náà.

Màdáámù gbé ọwọ́ sókè, bí onídà tí wọ́n bá gún ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́.

"Ó bà mí!" ó kígbe. "Lọ palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́. Jọ́ọ̀sì yá!"