Ìwọ̀n Inú Àpótí

Ọkùnrin náà ti sítíárìn kúrò níwájú ara rẹ̀, ó di ojú, ó sì fi ẹ̀yìn ti àga. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè. Lójú kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí tábìlì, tírélà tí ó ń wà ti forí sọ irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi kọ́nà kan, ẹrù rẹ̀ sì ti fọ́n ká sójú títì.

"Ó tó," ni ó wí. "Bí àbúrò mi bá dé lọ́jọ́ Àìkú, kí ó máa gbé e lọ. Òòyì ń kọ́ mi."

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́. Aránṣọ ni, ó há abẹ́rẹ́ sí ètè, ẹni tí ó bá sì há abẹ́rẹ́ sí ètè kì í jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún un ju abẹ́rẹ́ lọ.

Awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ni ọkọ rẹ̀ kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú apá òsì rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ti di ẹni tí ń fi orí dáhùn ìkíni. Ọmọbìnrin wọn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn ni ó fi kọ̀ǹpútà, géèmù ìwakọ̀ àti sítíárìn ránṣẹ́. Inú bí ìyá rẹ̀ nígbà náà: ṣé àgbàlagbà ni yóò máa ṣe eré ọmọdé? Àfi ìgbà tí bàbá jókòó sí ìdí rẹ̀, tí ọwọ́ òsì tí kò lè gbá ife mú bẹ̀rẹ̀ sí í di sítíárìn mú, tí ẹnu tí ó ti dákẹ́ sì là: "Wo òmùgọ̀ yìí, kò tanná kí ó tó yà." Láti ọjọ́ náà, aránṣọ kò pè é ní eré mọ́.

Ojú awakọ̀ kò gbé àmì ọ̀nà lórí ojú kọ̀ǹpútà kékeré, nítorí náà ni ọmọ náà ṣe tún ra èyí tí ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, tí àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwòrán kò ṣàn mọ́. Bí tírélà bá ti fẹ́ yà, yóò dúró, yóò fò, yóò tún dúró. Òòyì yóò sì gbé awakọ̀.

Aránṣọ pe àbúrò ọkọ rẹ̀, ẹni tí ó sọ ní Àkọ́wé láti ìgbà tí ó ti wọ ilé wọn ní ìyàwó.

"Káàdì àwòrán rẹ̀ ni kò lágbára, Ìyàwó wa," ni Àkọ́wé wí. "Èyí tó tóbi jù ni kẹ́ ẹ rà, tó ní fáànù mẹ́ta lórí. Ẹni tó bá ra kékeré, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa rà á."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n, Àkọ́wé, àbí ò ń fẹnu mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ ṣáà wọn àpótí kọ̀ǹpútà tí káàdì náà máa wọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ."

"Ẹja lò ń kọ́ ní odò wíwẹ̀ yẹn."

Ó fa téèpù yọ lọ́rùn, ó wọn àpótí náà láti etí dé etí, ó sì fi abẹ́rẹ́ sàmì sí ibi tí ó dé.

Ilé ìtajà náà há, páálí sì kún un dé òrùlé. Ọkùnrin tí ń tajà ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku lára ẹ̀rọ kan.

"Irú géèmù wo ni àwọn ọmọ ń gbá, mà?"

"Kì í ṣe ọmọ. Ọkọ mi ni. Tírélà ló ń wà, àwòrán rẹ̀ sì ń fò."

Ọ̀gbẹ́ni náà kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ lè dín bí àwòrán ṣe mọ́ tó kù. Á ṣàn."

"A ti dín in kù. Àmì ọ̀nà di bàìbàì, ojú rẹ̀ ò gbé e."

Ó ṣàlàyé fún un pé àìmọye ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ ni ó wà lójú kọ̀ǹpútà fífẹ̀, àti pé káàdì ni ó ń kun gbogbo wọn láwọ̀, tí ó tún ń kùn wọ́n lọ́tun kí ojú tó ṣẹ́. Bí agbára rẹ̀ kò bá tó, àwòrán yóò máa fò.

"Bí ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń fo ojú ìrán," ni aránṣọ wí.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́." Ó gbé káàdì méjì kalẹ̀. "Èyí alábọ́dé yìí ti tó yín. Kí wọ́n kàn dín òjìji igi àti ilé kù nínú géèmù náà. Ta ló ń wo òjìji nígbà tó ń wakọ̀? Èyí gígùn yìí, ooru rẹ̀ pọ̀."

Aránṣọ wo alábọ́dé náà tìkà-tẹ̀gbin. "Ọkọ mi ò wa ọkọ̀ alábọ́dé rí."

"Ṣé á wọ àpótí yín?"

Ó na téèpù lé káàdì gígùn náà. "Á wọ̀ ọ́, ààyè á tún ṣẹ́ kù."

"Ó dáa. Àmọ́ ẹ má já ọ̀rá rẹ̀ dànù o. Bí kò bá wọ̀, ẹ gbé e padà wá."

Kò wọ̀. Àkọ́wé yà wá lálẹ́ ọjọ́ náà, ó tú àpótí, ó ti káàdì síwájú, ó tì í sẹ́yìn, ó dà á dọ̀bálẹ̀. Irin kan tí ó gba inú àpótí kọjá kò jẹ́ kí ó wọlé. Aránṣọ dúró tì í, ó ń wo téèpù rẹ̀ bí ẹni tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ purọ́ ní kóòtù.

Láti orí àga ni ọkọ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀. "Ìyá wọn, ibo lo ti wọ̀n ọ́n?"

"Láti etí dé etí."

"Etí ìta?"

Aránṣọ ká téèpù mọ́ ìka.

"Ta ló máa ń jágbe mọ́ àwọn ọmọṣẹ́ pé kí wọ́n fi ààyè ìrán sílẹ̀, pé inú aṣọ ni èèyàn ń gbé, kì í gbé ẹ̀yìn rẹ̀?"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ ní imú awakọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, ó sì mi àga. Ojú ti aránṣọ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹ̀rín náà tán.

"N ó wá ayùn," ni Àkọ́wé wí. "Ẹ jẹ́ ká gé irin yẹn."

"A kì í torí bàtà gé ẹsẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ẹ gbé àpótí náà súnmọ́ mi. Mú téèpù wá."

Ọwọ́ òsì ni ó nà. Ìka rẹ̀ rọra gbá orí téèpù mú, ó sì tì í wọ inú àpótí títí ó fi kan irin. Kò sẹ́ni tí ó sọ fún un pé kí ó lo ọ̀tún. Aránṣọ di ìdí téèpù mú.

"Fà á kí ó le," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Yọ ìwọ̀n ìka kan kúrò, kí atẹ́gùn lè ríbi gbà."

Ìwọ̀n káàdì alábọ́dé ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, Àkọ́wé gbé káàdì alábọ́dé tí ó ti lọ pààrọ̀ dé, ó dì í mọ́ inú àpótí, ó sì dín òjìji kù bí ọlọ́jà ti wí. Ọkọ jókòó. Tírélà gba títì, ó ń súnmọ́ kọ́nà tí ó da ẹrù rẹ̀ nù. Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. Àwòrán náà yí bí omi ti ń yí àpáta ká. Igi kọjá, afárá kọjá, irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sì kọjá láìfarakan ọkọ̀. Iwájú orí awakọ̀ gbẹ.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Àkọ́wé wí, "òní lẹ ní kí n wá gbé e."

"Kí lo fẹ́ gbé? Ṣé o ò rí i pé mo wà lójú ọ̀nà ni?"

Aránṣọ fa àga tirẹ̀ súnmọ́ ti ọkọ rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí ó fi ń wakọ̀, kò gbé e jìnnà rí. Ọkọ̀ ẹrù ni, ẹrù ni ó ń gbé.

"Bàbá wọn, ibo là ń lọ?"

"Ọ̀nà jìn. De bẹ́líìtì rẹ."

Aránṣọ yọ téèpù lọ́rùn, ó gbé e kọjá láti èjìká dé ìbàdí, ó sì di ìdí rẹ̀ mú ṣinṣin.