Nọ́ńbà Kejìlélọ́gbọ̀n

Láti àárọ̀ ni Zipporah ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jogún ilé. Kápúténì Gbádégẹṣin jókòó sí òdìkejì tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́yà ilé-iṣẹ́, ó kàn ń fi ìka tẹ ìdí bírò ṣáá. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì, gbogbo èèyàn á dìde! Ẹ wá wò ó lónìí, ó rí bí adìẹ tí òjò pa. Ó dùn mọ́ Zipporah débi pé kò lè mu tíì rẹ̀.

Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Nassarawa GRA, nílùú Kano, ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Ọjọ́ kẹta rèé tí ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ bàálù ti ń bá ilé-iṣẹ́ wọn fa ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn tuntun. Ilé-iṣẹ́ kékeré ni, tó ń gbé èrò láti Kano lọ sí Maiduguri, Yola àti Sokoto. Zipporah ni agbẹnusọ ẹgbẹ́. Wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ wákàtí ìsinmi, wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Ó ku abala kẹsàn-án, tó dá lórí ìwé ìpò.

Ìwé ìpò yẹn, ẹ má fojú kékeré wò ó o! Orúkọ gbogbo awakọ̀ ló wà níbẹ̀, láti orí ẹni tó kọ́kọ́ dé títí kan ẹni tó dé kẹ́yìn. Ẹni tó wà lókè ló ń kọ́kọ́ mú ọjọ́ ìsinmi tó wù ú, àjẹkù ni ti ẹni ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà kẹrin ni Zipporah tẹ́lẹ̀. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó kọ̀ láti gbé èrò gbéra nínú ọyẹ́ tí kò jẹ́ kéèyàn rí iwájú. Gbádégẹṣin, ọ̀gá àwọn awakọ̀, ní àfojúdi ni. Ó ní kó lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tó padà, ó fi í sí ìsàlẹ̀ pátápátá, nọ́ńbà kọkànlélọ́gbọ̀n. Wọn ò sì tíì gba awakọ̀ tuntun láti ìgbà náà.

"Ẹni tó bá kúrò lórí ìwé, ìsàlẹ̀ ló ń padà sí," ó wí bẹ́ẹ̀. Òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ òfin yẹn.

Ní ìparí ọdún yẹn ni bàbá Zipporah dùbúlẹ̀ àìsàn nílé wọn ní Niger Street. Zipporah kúnlẹ̀ níwájú Gbádégẹṣin, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ọjọ́ Kérésì nìkan. Ọkùnrin náà kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Nọ́ńbà ló ń sọ̀rọ̀, Zipporah, kì í ṣe èmi."

Bàbá Zipporah kú láàárọ̀ Kérésì. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ló ń pè, ọmọ sì wà lójú sánmà Maiduguri, ó ń kí èrò kú ọdún. Háà! Ta ni ìyẹn máa kúrò lọ́kàn rẹ̀? Zipporah gbé e sínú, ó sì ń dúró de ọjọ́ kan.

Ọjọ́ náà ló dé yìí. Wọ́n ti ta ilé-iṣẹ́ náà, ẹni tó rà á kò sì fẹ́ àwọn ọ̀gá àtijọ́. Bí oṣù bá ti parí, Gbádégẹṣin á kúrò ní ọ́fíìsì, á padà sídìí wíwa bàálù. Láti ìgbà tó ti di ọ̀gá ni orúkọ rẹ̀ ti kúrò lórí ìwé, tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ṣófo. Ibo ni wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ sí báyìí?

Lọ́yà Fúnlọ́lá tún ojú ìwé náà ṣí. "Kápúténì Zipporah, ẹ̀yin méjèèjì nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Bá a bá pa òfin náà rẹ́, ẹ̀ ń padà sí nọ́ńbà kẹrin, Kápúténì Gbádégẹṣin ń padà sí àkọ́kọ́. Bá a bá fi í sílẹ̀, ẹ wà níbi tẹ́ ẹ wà, Kápúténì Gbádégẹṣin á sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ yín. Kò sí ìkẹta. Ẹgbẹ́ yín ní èyí tẹ́ ẹ bá mú làwọn fara mọ́."

Débọ̀, awakọ̀ tó jókòó tì í, fi ìgùnpá gún un. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú kẹrin yín. Ẹ gbàgbé bàbá yìí."

Kẹrin ló fẹ́ mú lóòótọ́. Ó ti ṣèlérí fún màmá rẹ̀, Màmá Ruth, pé Kérésì ọdún yìí, nílé ni òun máa wà. Ó ti la ẹnu báyìí láti sọ ọ́.

Ká ní Gbádégẹṣin dákẹ́ ni! Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀bẹ̀. "Àbúrò mi, ohun tó ti lọ ti lọ. Ọmọ mi obìnrin ń ṣègbéyàwó lọ́jọ́ kejì Kérésì. Jọ̀ọ́, mo gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀."

Zipporah kọjú sí i.

"Nọ́ńbà ló ń sọ̀rọ̀, sà, kì í ṣe èmi." Ó yíjú sí lọ́yà. "Ẹ fi òfin náà sílẹ̀ bó ṣe wà."

Gbádégẹṣin ju bírò sílẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, omijé sì lé ròrò sí i. Zipporah wò ó dáadáa, kò yára, ó fẹ́ rántí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ sí ìwé.

Nínú adàídàítà, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé e lọ sílé, ó ń kọrin. Ó ń fi Hausa dá awakọ̀ lápàárá, ìyẹn ń rẹ́rìn-ín. Ó bá Màmá Ruth níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ṣé wọ́n dá nọ́ńbà rẹ padà?"

"Rárá, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n abẹ́ mi ni Gbádégẹṣin wà báyìí, nọ́ńbà kejìlélọ́gbọ̀n! Kò ní fojú rí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀!"

Màmá Ruth dá ọwọ́ dúró. "Kérésì ń kọ́?"

"Mo máa wà lẹ́nu iṣẹ́, Mọ́mì."

Obìnrin náà tún ṣa ẹ̀wà díẹ̀. "Nígbà tí bàbá rẹ ń pè ọ́ lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mò ń dá a lóhùn. Mo ní, ó ń bọ̀, ó ti dé Gwagwarwa nítòsí. Bó bá wá kàn mí, Zipporah, ta ló máa purọ́ yẹn fún mi?"

Zipporah kúnlẹ̀, ó kó ọwọ́ bọ inú ẹ̀wà. Ó ń bá màmá rẹ̀ ṣa á. Ojú Gbádégẹṣin ló ń rí, omijé tó lé ròrò sí i, inú Zipporah sì tún dùn. Ojú tì í pé ó dùn.